Báwo la ṣe lè fi ìtàn Ṣàngó kọ orin heavy metal?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olórin tó ń ta gìtá ni mí ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ fi ìtàn Ṣàngó kọ orin heavy metal, ìyẹn orin gìtá alárìwo tí olórin ti sábà máa ń bú ramúramù, bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi ìtàn Thor, òrìṣà àrá àtijọ́ wọn, kọ tiwọn. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí Ṣàngó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í ro ìtàn tán nínú orin kan. Ibi tó gbóná jù ni wọ́n ń mú. Nínú ìtàn àtijọ́ àríwá Yúróòpù, Thor alárá pa ejò ńlá tó yí ayé ká, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, oró ejò náà sì gbé e ṣánlẹ̀, ó kú. Ìjà yẹn ni ẹgbẹ́ Amon Amarth ti Sweden fi kọ orin kan ní 2008. Ní tiyín, ìrìn Ṣàngó láti Ọ̀yọ́ dé Kòso ti tó.

Ẹgbẹ́ Amorphis ti Finland ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Inú Kalevala, ìwé ewì ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ orin inú àwo wọn ti 1994, ẹnu àwọn akéwì ìgbèríko ni Elias Lönnrot sì ti ṣa Kalevala jọ kó tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1835. Irú rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń pe Ṣàngó lọ́dọ̀ wa. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì tọrọ àyè, nítorí ohun tí wọ́n ń bọ ni ẹ fẹ́ fi kọrin.

Ohùn ló máa le jù fún yín. Bí olórin bá ń bú ramúramù, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í hàn mọ́. Èyí kò pa èdè Gẹ̀ẹ́sì lára, ṣùgbọ́n bí Ọya bá ké pe “ọkọ mi” nínú orin yín, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ̀ tàbí ọkọ́ ló ń pè? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gìtá máa fọhùn bí ìyáàlù dùndún. Ẹ dẹ okùn rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ki, kí ẹ wá ta “Ọba kò so” ní re, re, dò, re, kí ẹni tó ń bú tẹ̀lé e. Bí ará àdúgbò kan bá gbọ́ gìtá nìkan, tó sì mọ ohun tó ń wí, ẹ lè wá gbé bàtá sí i.