Èsì: Kí ni ká jẹ, kí ni ká mu ní Porto?

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ fi ìrẹsì òtẹ́ẹ̀lì lo ọjọ́ márùn-ún ní Pọ́túgàl. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ gba orí afárá Dom Luís sọdá sí Gaia, níbi tí wọ́n ń tọ́jú wáìnì Porto sí. Ẹ ṣáà mọ ẹmu: láàárọ̀ ó dùn, nírọ̀lẹ́ ó ti kan, torí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Wáìnì yìí, wọ́n máa ń da ọtí líle sí i kí ṣúgà tó tán. Adùn á kù síbẹ̀, agbára ọtí náà á sì tó nǹkan bí 20 nínú 100. Ife kékeré ni kẹ́ ẹ mu o.

Bacalhau ńkọ́? Ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì gbẹ ni, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi bí ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n já wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi àlùbọ́sà, ẹyin àti ànàmọ́ òyìnbó díndín sè pọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, àfi bíi pé mo dúró nídìí ìyá tó ń ta panla ní Bódìjà.

Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n bá gbé síwájú yín, kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ dá a padà.