Ojú Kò Pọ́n Mọ́, Dókítà Ṣì Ń Béèrè Àwòrán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ojú ọ̀tún mi pọ́n, ó ń ro mí, kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Wọ́n ní inú ẹyinjú ló wú, wọ́n sì fún mi ní sítẹ́rọ́ọ̀dù tí mò ń kán sí i. Ojú náà ti mọ́ báyìí, kò dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n ìlà ọ̀rọ̀ inú ìwé ń rí wọ́kuwọ̀ku. Dókítà ní kí n ya àwòrán ẹ̀yìn ojú tí wọ́n ń pè ní OCT, kí n sì gba abẹ́rẹ́ aró fún àwòrán mìíràn. Àwọn ará ilé mi ní owó lásán ni wọ́n fẹ́ gbà. Ṣé aró náà kò ní ba kíndìnrín mi jẹ́?
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ wọ́kuwọ̀ku yẹn ló ká mi lára jù. Pípọ́n àti ìrora máa ń sọ bí iwájú ẹyinjú ṣe rí, ṣùgbọ́n rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀, kì í mọ ìrora. Nínú àìsàn yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní uveitis, omi lè dúró sí àárín rẹ́tínà gan-an, níbi tí a fi ń kàwé, ó sì wà lára ohun tí ó sábà ń ba ìríran àwọn aláìsàn náà jẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni OCT ń lò, kì í ṣe ẹ́ksíreè, ohunkóhun kò sì ní kan ojú yín. Láti ọdún 1991 tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé e jáde, ó ti di ohun tí a gbára lé jù fún omi inú rẹ́tínà, nítorí pé ó ń wọn bí awọ náà ṣe nípọn tó ní máíkírọ́ọ̀nù, èyí tí 1,000 rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan. Bí ó bá jẹ́ 450 lónìí, tí ó sì lọ sílẹ̀ sí 300 lẹ́yìn ìtọ́jú, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín sítẹ́rọ́ọ̀dù kù, oògùn tí òun fúnra rẹ̀ lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga. Bí iye náà bá sì ń gòkè, a ó mọ̀ kí ẹ̀yin tó rí ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ kan náà, torí ìwọ̀n ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Àwòrán aró ń fi ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ojú ti ń jò hàn, èyí tí OCT kò lè sọ. Iṣan apá ni wọ́n ń fa aró náà, fluorescein, sí. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 lọ kí ó tó dé ojú. Kíndìnrín ni yóò tọ̀ ọ́ jáde, kì í sì í ba kíndìnrín tí ó dá ṣáṣá jẹ́. Bí ara àti ìtọ̀ bá pọ́n rúsúrúsú fún bí ọjọ́ kan, ẹ má bẹ̀rù. Èébì lè gbé àwọn mìíràn díẹ̀. Ohun tí kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tí ó léwu ni kí ara kọ aró náà pátápátá, nítorí náà ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí bí abẹ́rẹ́ kan bá ti bá yín jà rí. Níbi tí kò bá ti sí oògùn pàjáwìrì nítòsí, èmi kò ní jẹ́ kí wọ́n gún mi.

Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín láìfi bò. Lójú tèmi, OCT ni kí ó ṣáájú, ní ọ̀sẹ̀ yìí bí ó bá ṣeé ṣe. Àwòrán nìkan kò sábà sọ ohun tó fa àìsàn náà, nítorí náà wọ́n lè tún béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ẹ́ksíreè àyà, pàápàá nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ má dá oògùn kíkán náà dúró fúnra yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà àwòrán kọ̀ọ̀kan pamọ́, kí dókítà tí yóò rí yín lẹ́yìn náà lè fi wé tuntun.