Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Wọ́n Dá Ẹrù Wa Padà ní Ibùdó Àtúnlò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣa ike àti páálí sọ́tọ̀, a dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, a gbé e dé ibùdó àtúnlò, wọ́n ní àwọn ò gbà á. Kí la ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Ọ̀rá dúdú yẹn ló kọ́kọ́ kó bá yín. Òṣìṣẹ́ ò rí inú rẹ̀, kò sì ní ki ọwọ́ bọ ibi tí abẹ́rẹ́ tàbí àfọ́kù ìgò lè wà. Bí ọ̀rá bá tún bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń ṣa nǹkan, yóò lọ́ mọ́ ọ̀pá tó ń yí, àfi kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí ẹnìkan fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi kó ẹrù. Ẹ dà á sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín lọ.

Ní ti ike, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí nọ́ńbà, láti 1 dé 7, láàárín ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn. 1 ni ti ìgò omi, 2 ni ti gálọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi. 3 ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bó bá bá 1 wọ iná, ásíìdì ló ń tú jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì ba púpọ̀ jẹ́. Irú ike tó jẹ́ ni nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ o, kò ní kí gbogbo ibùdó gbà á. Ẹ ka pátákó wọn. Omi díẹ̀ tó láti fi ṣan inú ìgò, kò gba ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ro dáadáa, torí omi tó ṣẹ́kù ló ń rin páálí tó wà nísàlẹ̀.

Páálí tí epo ti rin, ẹ gé ibi tó lépo dànù, kí ẹ kó ìyókù lọ. Inú omi ni wọ́n ti ń po páálí títí yóò fi tú. Epo ò sì ní bá omi lọ.

Ìbéèrè: Bátìrì fóònù wa ti wú. Ṣé inú àpótí agolo la máa sọ ọ́ sí?

Ìdáhùn: Ó tì o! Bí ọkọ̀ tó ń kó agolo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo pẹ́rẹ́n, iná lè sọ. Ẹ má gún un, ẹ má sì ṣáájì rẹ̀ mọ́. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú irin rẹ̀, ẹ gbé e sínú iyanrìn gbígbẹ, ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ẹ bá dé ibùdó àtúnlò, ẹ fà á lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ó ti wú.

Ìbéèrè: Àwo gíláàsì tí a fi ń se nǹkan ńkọ́? Ṣé ó lè bá ìgò lọ?

Ìdáhùn: Rárá. Iná tó ń yọ́ ìgò ò tó yọ́ òun. Ègé rẹ̀ a jókòó bí òkúta sára ìgò tuntun, ibẹ̀ gan-an ni ìgò náà a sì ti là. Tánganran náà ò gbọdọ̀ bá ìgò lọ.