Kí Ẹ Tó Bú Agbábọ́ọ̀lù, Ẹ Wo Ilẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá olùtọ́jú pápá. Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn lọ gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹlòmíràn, páàsì wọn kò sì dé ibi tí wọ́n rán an rárá. Kóòṣì wọn ní pápá ló fà á. Lójú tèmi, àwáwí ni. Àbí ilẹ̀ lè ba eré jẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó lè bà á jẹ́, ó sì lè tún un ṣe. Iṣẹ́ pápá ni mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe mi, ó sì máa ń dùn mí bí àwọn ènìyàn bá ń bú ọmọ ọlọ́mọ nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo gígùn koríko ná. Nínú ìdíje UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, koríko kò gbọ́dọ̀ ga ju mìlímítà 30 lọ. Bó bá gùn, tó tún gbẹ, ó máa ń di bọ́ọ̀lù mú: páàsì á rọ lójú ọ̀nà, alátakò á sì ráyè já a gbà. Bí wọ́n bá gé e mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì bomi wọ́n ọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ geere. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó ń gbá páàsì kúkúrú, bíi Barcelona, kì í fẹ́ pápá gbígbẹ. Xavi, tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn tó sì tún ṣe kóòṣì wọn, ráhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà.

Èyí tó ṣe kókó jù wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí mo bá dé pápá tí n kò mọ̀, iwájú àwọ̀n ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, níbi tí ẹsẹ̀ aṣọ́lé ti ń lọ tó ń bọ̀. Mo máa ń ki ọ̀bẹ bọ ilẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ara mi á balẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ náà títí ó fi le gbagidi: afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, omi kò ráyè wọlẹ̀, gbòǹgbò koríko kò sì ní lọ jìn. Irú koríko bẹ́ẹ̀ lẹ ń rí tó ń ká bí ẹní nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá yí padà lójijì. Ọrùn ẹsẹ̀ tàbí orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n máa fi irin gún ilẹ̀ lóòrèkóòrè, kí wọ́n da yanrìn sínú ihò, kí wọ́n sì jẹ́ kí pápá sinmi. Ìsinmi yìí ni àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ kì í fẹ́ gbọ́, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ti òjò ńkọ́? Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń mú àárín pápá ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, wọ́n á tún ri páìpù mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá borí gbogbo ìyẹn, eré á yí padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1974, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Ìwọ̀-oòrùn Jámánì àti Poland pàdé ní Frankfurt lẹ́yìn òjò ńlá. Àwọn panápaná ló ń fa omi kúrò lórí pápá. Poland gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Ọ̀mì ti tó Jámánì. Eré sísá Lato àti Gadocha létí pápá ni agbára Poland, omi sì ń dá bọ́ọ̀lù dúró níwájú wọn. Gerd Müller gbá ẹyọ kan ṣoṣo wọlé, Jámánì sì gba ife náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. N kò sọ pé Poland ì bá borí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbá irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n mọ̀ ọ́n gbá.

ÌBÉÈRÈ: Orí koríko àtọwọ́dá ni ọmọ mi ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní kò nílò ìtọ́jú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Wọ́n tàn yín jẹ. Rọ́bà wẹ́wẹ́ tó wà láàárín ewé rẹ̀ ló ń mú un rọ̀, ẹsẹ̀ sì máa ń tì í kúrò, pàápàá níbi pẹnáritì àti ní igun pápá. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń gbá a padà sáyè rẹ̀. Ẹ̀yin náà lè dán an wò: ẹ ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti òkè mítà 2. Nínú òṣùwọ̀n FIFA, kò yẹ kó ta padà kọjá mítà 1. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti le jù.

Nígbà tí Queens Park Rangers, ẹgbẹ́ kan ní London, tẹ́ irú rẹ̀ sí Loftus Road, pápá wọn, ní 1981, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta sókè ni àwọn ènìyàn ń ráhùn lé lórí. Wọ́n ká a nílẹ̀ ní 1988. Ti òde òní sàn jùyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń gbóná nínú oòrùn, ó sì ń bó awọ ẹsẹ̀. Ní 2014, Abby Wambach, Nadine Angerer àti àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin mìíràn gbé ẹjọ́ dìde torí pé orí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Kánádà. Wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gbá a ní 2015. Ó dùn mí fún wọn.

Fún ọmọ yín, ẹ ra bàtà tí eyín abẹ́ rẹ̀ kúrú, tó sì pọ̀. Eyín gígùn lè há, kí orúnkún sì yí.

ÌBÉÈRÈ: Ta ló ń pinnu pé pápá kò ṣeé gbá?

ÌDÁHÙN: Rẹfirí ni. Á yí bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀, á jù ú sókè kó lè wò ó bóyá á ta. Bó bá dúró sínú omi, kò sí eré. Kì í ṣe àárín nìkan ló gbọ́dọ̀ wò. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti iwájú àwọ̀n lè ṣì kún fómi nígbà tí àárín bá ti gbẹ.