Èsì: Ìdí tí àwọn ojú Marilyn yẹn ò fi jọra

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní tó bá jẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo ni Andy Warhol, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà yẹn, lò fún Marilyn Diptych, àwòrán tó ṣe nípa Marilyn Monroe òṣèré fíìmù, kí ló dé tí ojú kan dúdú, tí òmíì ń parẹ́. Íǹkì ló fà á. Wọ́n á gbé fọ́tò sórí aṣọ sílíìkì tí wọ́n nà mọ́ férémù, wọ́n á wá fi rọ́bà fa íǹkì gba ihò rẹ̀ kọjá sórí kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń yàwòrán sí, tó bá pọ̀ jù ojú á dúdú, tó bá ń tán tàbí tó gbẹ sínú ihò aṣọ, ojú á ṣá.

Warhol lè tún un tẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lagbára iṣẹ́ yẹn wà lójú tèmi, torí 1962 tó ṣe é náà ni Marilyn kú, fọ́tò tí wọ́n yà láti fi polówó fíìmù ló sì wá di ojú 50, 25 ní kálà, 25 ní dúdú àti funfun, ẹ wo igun ọ̀tún dáadáa, níbi tí ojú ti ń parẹ́.

Àmọ́ ti orí kánfáàsì lèyí o. Tó bá jẹ́ àwọn ojú Marilyn tí Warhol tẹ̀ sórí ìwé ní 1967 lẹ ń wò, kálà kọ̀ọ̀kan ló ní férémù tiẹ̀, ètè tó yẹ̀ níbẹ̀, férémù ló sún.