Èsì: Fífi fóònù ya fíìmù òkun tó ń ya wọ Funafuti

Ẹ béèrè bí àwọn ọ̀dọ́ Funafuti, ní Tuvalu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan nínú òkun Pàsífíìkì, ṣe lè fi fóònù ya fíìmù ìṣẹ́jú 3 nípa omi òkun tó ń wọ àdúgbò wọn, àti ìdí tí ohùn kì í fi já geere.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Atẹ́gùn etíkun ló ń lu máìkì, tó bá sì ti bo ọ̀rọ̀, ó ṣòro láti yọ kúrò. Ẹ lo máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, kí ẹ fi ìbòrí onírun bò ó, kí ẹ sì há a sí nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà sábẹ́ àgbọ̀n. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn sí atẹ́gùn.

Oṣù January sí March ni omi sábà máa ń ga jù níbẹ̀, nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá di àrànmọ́jú. Omi náà kì í gba etíkun nìkan wọlé; ó ń ru jáde láti inú ilẹ̀, torí òkúta iyùn tó kún fún ihò ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní tèmi, àwòrán yẹn ló yẹ kó ṣíwájú fíìmù. Ẹ gbé fóònù sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (tripod), ẹ fi òkúta sàmì sí ojú ibẹ̀, kí ẹ máa ya ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìṣẹ́jú 15-15. Ẹ tẹ ojú fóònù pẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán á máa ṣú, á máa mọ́ bí ìkùukùu bá ń kọjá.

Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu iyọ̀ lójú kámẹ́rà, yóò ha á. Omi tútù tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi rin aṣọ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kedere nínú fíìmù pé òṣùpá àti oòrùn ló ń fa ìkún omi yìí, àmọ́ òkun tó ń ga sí i lọ́dọọdún ló ń gbé e wọnú ilé.