Igi Ìdáná Ọkọ̀ Kan: Ṣé Ó Gbẹ Lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Igi la fi ń dáná nílé wa báyìí, torí owó gáàsì. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo rà kẹ́yìn, wọ́n ní ó ti gbẹ, àmọ́ èéfín ló ń rú ṣáá, ìdí ìkòkò dúdú kirikiri. Kí ni kí n máa wò? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìṣẹ́yìn

Ìdáhùn: Ẹ má wo ti òkè ọkọ̀, ẹ̀yin ìyá wa. Ti òkè ni oòrùn ń pa, òun náà ni wọ́n sì máa ń fà lé yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ̀kan láti àárín, kí wọ́n là á lójú yín, kí ẹ wá gbé ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù rinrin, omi ṣì wà níbẹ̀. Igi tó gbẹ máa ń sán lórí níbi tí wọ́n ti gé e, èèpo rẹ̀ á máa ṣí fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì fi méjì kanra, á dún kó-kó. Ti tútù á dún gbì.

Omi lè tó ìdajì ìwọ̀n igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kó tó ráyè ọbẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni èéfín ti ń wá. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ẹ wọn ẹ̀là kan, ká ní ó jẹ́ kílò 2. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí tí kò fi ní fúyẹ́ mọ́. Bó bá dúró sí kílò 1.5, omi ni ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ sanwó fún.

Igi tútù kì í kúkú ṣe igi burúkú, bí wọ́n bá tà á níye igi tútù. Ẹni tó rà á lóṣù kọkànlá, tó là á, tó tò ó, ọyẹ́ á bá a gbẹ ẹ́ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìtí tí a ò là kì í gbẹ bọ̀rọ̀, èèpo ló ń sé omi mọ́ ọn. Ní tiyín, òjò ti fẹ́ dé. Gbígbẹ nìkan ni kí ẹ rà.

“Ọkọ̀ kan” kì í ṣe òṣùwọ̀n. Igi tí wọ́n kàn dà sọ́kọ̀ ní àlàfo púpọ̀: kúbíìkì mítà 1 rẹ̀ lè má ju nǹkan bíi 0.6 tàbí 0.7 lọ tí ẹ bá tò ó. Igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú, ó ń da òṣùwọ̀n náà rú. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n bá tò ó nílé yín lẹ ó tó sanwó. Ẹ̀là tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, tí wọ́n tò dé gíga mítà 1 àti gígùn mítà 2, kúbíìkì mítà 1 nìyẹn.

Ẹ béèrè ayìn; ó wúwo, ògúnná rẹ̀ sì ń pẹ́. Àràbà á ti jó tán kí ẹ̀wà tó rọ̀. Pákó tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí, ẹ má fi dáná rárá: májèlé wà nínú èéfín àti eérú rẹ̀.

Orí búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ tò ó sí nítorí ikán, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Páànù lórí, ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbayawu. Tapólìn tí wọ́n fi wé e yíká ló ń jẹ́ kó hu olú.

Ìbéèrè: Kent la wà, ní ìlú Ọba, a sì ní sítóòfù onígi ní pálọ̀. Kí ló dé tí igi inú àpò fi wọ́n ju èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ dà sílẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, òfin England ní kí igi tí wọ́n ń tà tí kò tó kúbíìkì mítà 2 ní àmì “Ready to Burn” (ó ti tó dáná): ọ̀rinrin rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100. Owó gbígbẹ yẹn ló wà lórí ti inú àpò. Tó bá tó 2, wọ́n lè ta tútù, kí wọ́n ṣáà ti ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá ní ibi ìtọ́jú, ẹ rà á. Àmọ́ igi oak lè gbà tó ọdún méjì kó tó gbẹ, igi ash ń yá jù ú lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin ẹlẹ́nu méjì, ẹ la igi, kí ẹ fi gún àárín ojú tuntun, kì í ṣe orí igi, torí orí ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Èéfín igi tútù máa ń lẹ ọ̀dà dúdú mọ́ inú ṣímínì, ihò tí èéfín ń gbà jáde, ọ̀dà yẹn ló sì ń gbiná níjọ́ kan. Ẹ wọn inú sítóòfù yín kí ẹ tó pe àwọn tó ń ta igi: bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 ló gbà, igi 33 kò ní wọ̀ ọ́, ayùn ni ẹ ó tún máa wá kiri.